Ẹni Tí Mọ́wùnmí Kúnlẹ̀ Fún

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi ní warehouse kan ní Belvedere, ní London, mi ò sì tíì sọ fún Mọ́wùnmí, olólùfẹ́ mi. Láràárọ̀ ni mò ń wọ búùtù iṣẹ́, tí mò ń wọkọ̀ láti Thamesmead lọ sá fún òtútù nínú láíbìrì Woolwich. Ẹ̀rù ń bà mí pé tó bá gbọ́, á fi mí sílẹ̀.

Ní Sunday, ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa, wòlíì ní kí àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ jáde fún àdúrà. Mo lẹ̀ mọ́ àga. Nígbà tí mo gbójú sókè, Mọ́wùnmí ni mo rí lórí ìkúnlẹ̀ nínú sùtánà funfun. Mo gbàgbé pé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin nìyẹn, mo sáré lọ kúnlẹ̀ tì í.

"Ṣé wọ́n ti lé ẹ níbi iṣẹ́ ni?"

"Rárá o. Ìwọ ni mò ń gbàdúrà fún. Mo rí ẹ ní láíbìrì lọ́jọ́ Tuesday, ò ń sùn, ẹnu ẹ là sílẹ̀ gbayawu."

"O ò bínú?"

"Mo bínú dáadáa! Èmi wà lórí eékún, ìwọ ń gbádùn àga. Ó yá, dijú, jọ̀ọ́, olówó orí mi."

Mo dijú. Mo mí kanlẹ̀.