Ìkòkò Tí Kò Gbọ́ Potogí

Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń gbé nílé ìyá ọkọ mi ní Mogi, ìlú kan ní Brazil, kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìkòkò rẹ̀ rí. Ìkòkò amọ̀ kan báyìí ni, lábẹ́ sínkì. Èèpo ìrẹsì tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n fi omi àti iyọ̀ pò, ló wà nínú rẹ̀. Inú ẹ̀ la ń ri kùkúńbà, kárọ́ọ̀tì àti ìgbá bọ̀, kí wọ́n lè kan dáadáa kí wọ́n tó dé orí tábìlì. Láràárọ̀ lẹnì kan gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kó rò ó láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan pẹ́rẹ́, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ìyá ọkọ tirẹ̀ ló gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti Japan, òun ló sì fi lé e lọ́wọ́. Àwọn ìyàwó ilé ló ń jogún rẹ̀.

Èmi Ivonete sì ni ìyàwó kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù nínú ilé wa. Tadao ọkọ mi ti kú láti ọdún mẹ́fà, a ò sì bímọ. Ilé wá ku èmi àti Batchan, bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pe ìyá náà, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún tí etí rẹ̀ ṣì gbọ́ ju tèmi lọ. Lọ́dún tí mo wọlé ọkọ ni mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ mi ní ìtọ́jú ìkòkò náà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Mo máa ń bá a sọ̀rọ̀ kí n tó rò ó," ó ní. "Ìkòkò yìí ò gbọ́ Potogí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Síbẹ̀ mo gbé e mì títí di ọdún tó kọjá, nígbà tí mo rí i pé ọwọ́ Batchan ti ń gbọ̀n lórí ìdérí. Tí kò bá lè rò ó mọ́, ta ni yóò rò ó? Ṣé Kaori ni, ìyàwó ọmọ àbúrò rẹ̀ ní São Paulo, tó jẹ́ pé inú ike ló ti ń ra ohun gbogbo tó ń jẹ? Mo ní ó tì o. Tó bá jẹ́ èdè Japan ni ìkòkò ń fẹ́, màá lọ kọ́ ọ wá.

Orí fóònù mi ni mo ti kọ́ ọ, nínú yàrá ìfọṣọ, tí mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Olùkọ́ mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọmọ Belém kan tó ń jẹ́ Ubirajara, kò dé Japan rí, ó sì ń pariwo bí ẹni ń polówó ẹja. Ó ní agbára èdè náà wà nínú àwọn ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọ̀kan ń fi ẹni tó ṣe nǹkan hàn, òmíràn ń fi ohun tí wọ́n ṣe é sí hàn. Tí fídíò bá parí, ìdánwò ló kù. Tí o bá yege, ológbò kan á jó lójú fóònù. Tí o bá kùnà, á kọ ẹ̀yìn sí ọ. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń wo ìdí ológbò.

Ni mo bá dọ́gbọ́n kan. Mo kọ àwọn ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ náà sára àwọn pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń há aṣọ mọ́ okùn, mo wá ń sá aṣọ bí ẹni ń to gbólóhùn. Ẹ̀wù mi dúró fún Ivonete, tówẹ́ẹ̀lì dúró fún kùkúńbà, pẹ́ẹ̀gì ló sì ń sọ ẹni tó jẹ ẹnì kejì. Nígbà míì tí mo bá padà wá kó aṣọ, màá rí i pé pẹ́ẹ̀gì méjì ti pààrọ̀ ipò. Mo ní atẹ́gùn ni.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, tí Kimiyo ọ̀rẹ́ Batchan bá wá kí i, n kì í gbọ́ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ wọn. Èdè àwọn àgbà tó dàgbà sínú oko ni wọ́n ń sọ. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo wá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún odindi ọjọ́ méjì, àṣé Potogí ni, ẹnu wọn ló lọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di oṣù kìíní, Kimiyo kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Curitiba, Batchan sì bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ti fóònù ilé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan, mò ń nu ilẹ̀ lọ́wọ́ ni mo dúró gbagidi. Mo gbọ́ ọ! Èdè Japan ketekete, bí ẹni ń ka ìròyìn.

"Kimiyo, ọbẹ̀ ìyàwó ilé mi ti ń níyọ̀ jù."

Lọ́jọ́ kejì mo dín iyọ̀ kù. Nígbà tó ṣe, mo gbọ́ ọ, "Kimiyo, orúnkún ń dùn mí. Ẹnì kan ì bá fi omi gbígbóná jó o fún mi." Mo gbé omi kaná. Ó tún ní ìbẹ́pẹ ń wu òun jẹ, mo sáré lọ ra ìbẹ́pẹ. Inú mi ń dùn bíi ti olófòófó. Mo ní, ìyá yìí, ẹ ò mọ̀ pé etí mi ti là.

Àfi lọ́jọ́ kan tó ní, "Kimiyo, mo ti pinnu. Kaori ni màá fún ní ìkòkò."

Omi bọ́ lójú mi sínú ìrẹsì tí mò ń ṣàn. Èmi tí mo wẹ̀ ẹ́, tí mo gbé e lọ sílé ìwòsàn, tí mo sin ọmọ rẹ̀! Kí n tó sè é tán, gáàsì tún tán. Ubirajara ti jẹ bátìrì fóònù mi tán, mo bá lọ gbé ti ilé láti pe onígáàsì. Kò dún rárá. Mo gbọ̀n ọ́n, ó dákẹ́ lọ gbári. Mo yọjú sí Valdir aládùúgbò wa lójú ọgbà.

"Àǹtí Ivonete, ṣé ẹ̀ ń gbé ibí ṣá?" ó ní. "Láti ìjì ọ̀sẹ̀ ọdún Carnaval ni wáyà fóònù gbogbo àdúgbò yìí ti já. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ka ọjọ́ ọbẹ̀, mo ka ọjọ́ orúnkún, mo ka ọjọ́ ìbẹ́pẹ. Mo tún rántí pẹ́ẹ̀gì. Atẹ́gùn wo ló kọ́ èdè Japan?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì mo jẹ́ kó jókòó, kó gbé fóònù sétí.

"Kimiyo, ọjọ́ Sátidé ni Kaori ń bọ̀ wá gbé ìkòkò."

Mo dúró níwájú rẹ̀, mo sì lanu sọ̀rọ̀ ní èdè Japan. "Kimiyo kò sí níbẹ̀! Fóònù ti kú! Èmi ni mo wà níbí. Èmi ni mò ń jó orúnkún yín. Èmi ni kí ẹ fún ní ìkòkò!" Ìbínú ti da ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ rú mọ́ mi lẹ́nu. Ológbò ì bá kọ ẹ̀yìn sí mi.

Batchan rọra gbé fóònù kalẹ̀. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi ọwọ́ di eyín àtọwọ́dá rẹ̀ mú.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta!" ó ní ní Potogí. "Mo rò pé màá ní láti fi ìkòkò ta ajá Valdir lọ́rẹ kí o tó lanu."

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń pààrọ̀ pẹ́ẹ̀gì?"

"Kí n wá ṣe báwo? O gbé e sórí okùn pé kùkúńbà jẹ Ivonete. Ojú ń tì mí fún ẹ. Ìkòkò di tìẹ, wá rò ó láàárọ̀ ọ̀la."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo tètè jí, mo fọ ọwọ́ mi dé ìgúnpá, mo sì ń ka ìkíni tí màá kí ìkòkò sábẹ́ ètè. Mo dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, mo gbọ́ Batchan tó ti ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ó ń bọ̀ o. Á bá ẹ sọ̀rọ̀ lóhùn ọkùnrin Belém tó máa ń pariwo yẹn, má fi ṣe yẹ̀yẹ́."

Potogí ni. Potogí pọ́nńbélé.

"Batchan! Ẹ ní kò gbọ́ Potogí!"

Kò tilẹ̀ yíjú. "Ìgbéraga ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Mo rò pé o ò ní pẹ́ sá lọ." Ó gbé ìdérí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ohun gbogbo ló ń gbọ́. Ki ọwọ́ bọ̀ ọ́."

Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó tutù, ó rọ̀, ó sì ń rùn díẹ̀ bí inú àpótí àtijọ́. Mo rò ó láti ìsàlẹ̀ wá sókè.

"Ó yá, sọ̀rọ̀," ó wí, ní èdè Japan.

Mo bi í pé kí ni kí n sọ fún ìkòkò.

"Fi ìkòkò sílẹ̀," ó ní. "Tadao ti kú, Kimiyo ti kó lọ, kò sẹ́ni tó ń bá mi sọ èdè mi nínú ilé yìí mọ́. Èmi ni kí o bá sọ̀rọ̀."