Ọjọ́ Tí Aláròyé Dákẹ́

Ẹ̀gbọ́n kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwé ló ń ṣe. Ilé ìtẹ̀wé á fi ìwé tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ránṣẹ́ sí i, Ẹ̀gbọ́n á gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, á sì tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe. Àpótí kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ń kà á sí i létí. Ohùn àpótí náà gbẹ bí igi ìdáná, kì í sì í rẹ̀ ẹ́. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n ló sọ ọ́ ní Aláròyé. Ó ní òun ti ní orogún, èyí tí kì í gbálẹ̀, tí kì í sì í sè.

Kọ̀ǹpútà ọ̀hún ti darúgbó. Ó ń pẹ́ kó tó jí, ó sì máa ń dì pa lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé kan wà nílẹ̀ tó gbọ́dọ̀ dé ilé ìtẹ̀wé lọ́jọ́ Ẹtì. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ pẹ́, wọ́n sì ti sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé bí èyí náà bá pẹ́, ẹlòmíràn ni àwọn á máa gbé iṣẹ́ fún. Ìdí nìyẹn tó fi ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́rú. Kọ̀ǹpútà ni Àbúrò ń tún ṣe jẹun.

Àbúrò yẹ ẹ̀rọ náà wò, ó ní kánẹ́lì rẹ̀ ni òun máa tún kọ́. Kánẹ́lì ni ọkàn Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà. Òun ló ń bá gbogbo ohun tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ó sì ní ògbufọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èyí tó wà nínú ẹ̀rọ Ẹ̀gbọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ògbufọ̀ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́ra. Àbúrò fẹ́ lé wọn, kí ẹrù arúgbó lè fúyẹ́.

Ẹ̀gbọ́n fi yàrá sílẹ̀ fún un. Àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bọ́tìnnì. Gbogbo lẹ́tà tó bá tẹ̀ ni Aláròyé ń pè. Ó tẹ̀ ẹ́, ó pè é. Ó pa á rẹ́, ó kéde pé ó pa á rẹ́. Bíi pé olùkọ́ dúró sí i lẹ́yìn pẹ̀lú pàṣán. Àbúrò fara dà á, ó fara dà á, ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ, ó fa okùn Aláròyé yọ. Yàrá pa rọ́rọ́. Ó gbádùn rẹ̀.

Kò pẹ́, ẹ̀rọ dì pa bí ìṣe rẹ̀. Àbúrò pa á, ó tún tan án. Ó wá pa àṣẹ kan tó ti mọ́ ọn lọ́wọ́, èyí tó máa ń ka àwọn ògbufọ̀ tó jí lásìkò náà, tí á fi wọ́n sílẹ̀, tí á sì lé ìyókù. Kò wo àwọn tí àṣẹ náà lé.

Àwọn oníṣẹ́ ní òfin kan: a kì í da kánẹ́lì àtijọ́ nù títí tuntun á fi sùn nílé mọ́jú. Àbúrò mọ̀ ọ́n, ó tilẹ̀ máa ń fi kọ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n àyè inú ẹ̀rọ kéré, ọkàn Àbúrò sì balẹ̀ jù. Ó da ti àtijọ́ nù.

Nígbà tó kọ́ tuntun tán, ẹ̀rọ jí kíá, kò sì dì pa. Ó so okùn Aláròyé padà, ó pe Ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n jókòó, ó tẹ bọ́tìnnì kan. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó fi ọwọ́ wá àpótí náà rí, ó gbé e sétí, ó mì í. Iná pupa orí rẹ̀ ń tàn, ṣùgbọ́n kí ni ìyẹn kan Ẹ̀gbọ́n. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí ìyàwó rẹ̀ má baà gbọ́.

"Àbúrò, èmi ni mo bà á jẹ́. Mo da tíì sí i lórí láàárọ̀ àná. Mo fi aṣọ nù ún, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

Àbúrò wo àpótí náà. Ó rántí okùn tó fà yọ. Ó rántí àṣẹ tó pa. Nígbà tó ní kí ẹ̀rọ ka àwọn tó jí, Aláròyé kò sí níbẹ̀ láti jẹ́ ìpè, ògbufọ̀ rẹ̀ sì ti bá àwọn aláìníṣẹ́ lọ. Ó yẹ kó sọ ọ́. Ó la ẹnu.

"Ó lè jẹ́ tíì," ló sọ.

Ìyàwó ti gbọ́. Ó ti ilé ìdáná jáde, ó béèrè bóyá òun kò ti wí i tó pé kí ife má ṣe dé ìdí ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n sorí kọ́ bí ọmọ tó fọ́ àwo. Ìyàwó yíjú sí Àbúrò.

"Bọ̀dá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó. Ọwọ́ yín náà la wà."

Orúkọ tó ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn nìyẹn. Kò tíì wúwo létí Àbúrò bẹ́ẹ̀ rí.

Ó padà wá láàárọ̀ ọjọ́bọ̀. Ó dá ògbufọ̀ Aláròyé padà, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ kánẹ́lì, nítorí kò ní ti àtijọ́ tí ì bá dá padà. Ẹ̀rọ arúgbó ń lọ iṣẹ́ náà díẹ̀díẹ̀ bí ọlọ. Ó dé ìdajì, ó dúró: àyè ti tán. Àbúrò palẹ̀ ìdọ̀tí inú rẹ̀ mọ́, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ó parí, ó tan án. Aláròyé kò wí nǹkan kan.

Àbúrò ka ohun tí ẹ̀rọ ń kọ sójú nígbà tó ń jí, ìlà kan lẹ́yìn èkejì, kó tó rí i. Ògbufọ̀ Aláròyé gbára lé ògbufọ̀ mìíràn tó ń gbé ohùn jáde, wọ́n sì ti lé ìyẹn náà. Ó dá ọmọ padà, kò dá ìyá padà. Ó tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní gbogbo àsìkò yìí, Ẹ̀gbọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún. Ìyàwó rẹ̀ ka ìwé náà fún un díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń bi í léèrè àmì tó wà níbí, bóyá lẹ́tà ńlá ló wà lọ́hùn-ún. Ìyàwó ní ìwé ni òun ń kà, òun kò ṣa ìrẹsì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò tíì ka ojú ewé kejì tán tí àkókò iṣẹ́ tirẹ̀ fi tó, ó sì jáde.

Ẹ̀gbọ́n wá ní láti òní lọ, tíì kò ní wọ yàrá yìí mọ́. Kò sẹ́ni tó bi í. Àbúrò tẹjú mọ́ ẹ̀rọ.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, Aláròyé sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àpótí náà mú. Ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù.

"Ọlọ́run ló fún mi ní ọmọ yìí. Mo bà á jẹ́, ó bá mi tún un ṣe."

Kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Tíì kò lẹ́nu tí yóò fi rojọ́. Àbúrò kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó kí Ẹ̀gbọ́n pé ó dàbọ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà. Ó padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe tíì. Èmi ni mo yọ okùn rẹ̀ nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Mo ti mọ̀ nígbà tí ẹ ń sọ ti tíì."

Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n dúró lórí bọ́tìnnì.

"Kí ló dé tí o yọ ọ́?"

"Ariwo rẹ̀ ló ń dà mí láàmú."

Ẹ̀gbọ́n kò bínú. Ìbá sàn kó bínú. Ó wá kókó ẹ̀gbẹ́ àpótí náà kàn, ó yí i wálẹ̀, ó tún yí i wálẹ̀, títí ohùn Aláròyé fi dà bí ẹ̀fọn inú yàrá kejì.

"Mi ò mọ̀ pé ó ń da èèyàn láàmú," ló wí. "Ẹ ì bá ti sọ fún mi, ìwọ àti ìyàwó mi."

Ó tẹ̀ síwájú títí etí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àbúrò bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé e sókè. Ó ní òun ń gbọ́. Kò gbọ́. Ìlà kan náà ló ń dá padà sí, ìwé sì gbọ́dọ̀ lọ lọ́la.

Àbúrò sọ àpò kalẹ̀. Ó na ọwọ́, ó yí kókó náà padà títí ohùn fi kún yàrá. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ dín in kù, ó bá ọwọ́ Àbúrò níbẹ̀. Ọwọ́ náà kò kúrò. Àbúrò fi ẹsẹ̀ fa àga kan mọ́ra, ó jókòó ti àpótí.

"Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Aláròyé ń kà. Ojú ewé tó kù pọ̀. Àbúrò jókòó, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.