Ta Ló Yé Ẹyin Yìí?

Ọkùnrin tó bá fi ọdún méjìdínlógójì wa ọkọ̀ akẹ́rù, tí wọ́n wá ní kó lọ sinmi nílé, ẹ bá mi wò ó, kí lẹ fẹ́ kó máa fọwọ́ ṣe? Awakọ̀ tí mò ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, ìsọ̀ ìyàwó ẹ̀ ló gbà lọ. Aránṣọ ni ìyàwó náà, yàrá iwájú ilé wọn ló fi ṣe ìsọ̀. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, bàbá á jókòó sórí àga oníbàárà, á máa sọ fún àwọn obìnrin pé aṣọ yìí ti fún jù nídìí, pé kọ́là yẹn ò bá ọrùn wọn mu. Kò tó oṣù kan tí oníbàárà méjì fi kó aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ aránṣọ míì. Ìyàwó ò jà, kò sì pariwo. Ó kàn lọ ra òròmọdìẹ mẹ́fà, ó kó wọn sínú páálí, ó gbé e lé ọkọ ẹ̀ lọ́wọ́.

"Bàbá àwọn ọmọ," ó ní, "iṣẹ́ yín rèé. Ẹ̀yìnkùlé ni gáréèjì yín."

Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wọ bàbá lára? Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ó ti kan ilé fún wọn, ó ti ṣe ìtẹ́ sí i, ó ti fi koríko gbígbẹ tẹ́ ẹ. Bí ẹni ń tọ́jú mọ́tò ló ṣe ń tọ́jú wọn. Láago mẹ́fà àárọ̀ ó ti ń yẹ omi wò. Tó bá di aago méje, á tẹ́tí sí ohùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ẹ́ńjìnnì kan ń húkọ́. Nígbà tí wọ́n wá dàgbà, èyí tó dúdú nínú wọn, tó ń pè ní Màdáámù, bẹ̀rẹ̀ sí í lóṣòó nígbàkigbà tó bá fọwọ́ kàn án lẹ́yìn. Àyà bàbá já. Ó ní bíréèkì ẹ̀ ti há. Ẹni tó bá mọ adìẹ mọ̀ pé adìẹ tó bá ti ń lóṣòó báyẹn, kò ní í pẹ́ yé ẹyin. Àmọ́ ọkùnrin yìí kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ èèyàn. Nígbà tó ń wakọ̀, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kó ṣìnà dé ibi tí ọ̀nà parí sí ju kó yọrí síta béèrè lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn ilé adìẹ. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tò gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n wọ ìsọ̀, wọ́n gorí tábìlì, orí aṣọ ìgbéyàwó funfun tí wọ́n máa wá gbà lọ́jọ́ kejì ni wọ́n sì rìn kọjá. Wọn ò rìn lásán, wọ́n fi nǹkan sílẹ̀. Ìyá ọmọ tó fẹ́ ṣègbéyàwó fúnra ẹ̀ wà níbẹ̀, ó ti lanu sílẹ̀. Inú bí aránṣọ débi pé ó gbé sísọ́ọ̀sì sókè bí ẹni fẹ́ búra.

"Gbogbo yín, ẹ gbọ́ mi," ó ní. "Oṣù mẹ́fà ni mo ti ń bọ́ wọn, wọn ò yé nǹkan kan. Tó bá di Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tí wọn ò bá tíì yé ẹyin, kí Alápatà wá kó gbogbo wọn."

Alápatà, aládùúgbò wọn tí ògiri kan ṣoṣo pààlà láàárín ilé àwọn méjèèjì, kúkú wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé aṣọ ṣòkòtò wá fún rírán. Ó ní, "Mo gbọ́ o, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi." Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ti aránṣọ ti balẹ̀ nìyẹn lójú ẹlẹ́rìí.

Oúnjẹ ò lọ lọ́fun bàbá lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí, kò sí àbùkù níbẹ̀: ó fẹ́ràn àwọn adìẹ yẹn. Láti ọjọ́ tó ti dá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ padà fún ọ̀gá ẹ̀, àwọn mẹ́fà yìí nìkan ló ń sáré pàdé e tó bá yọ.

Kí ló wá ṣe? Ó ṣe ohun tí àwọn ọkùnrin máa ń ṣe tí wọn ò bá fẹ́ béèrè. Lọ́jọ́ Ajé, ó rìn kọjá òpópó mẹ́ta lọ sí ilé ìtajà tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n, ó ra ẹyin funfun ńláńlá, ó ki ọ̀kan bọ ìtẹ́, ó wá pariwo pe ìyàwó ẹ̀. Ìyàwó mú ẹyin náà, ó gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Màdáámù kú iṣẹ́," ó ní. "Àmọ́ ẹyin yìí mà tutù o. Àfi bíi pé inú fíríìjì ló ti lọ yé e."

"Afẹ́fẹ́ àárọ̀ ni," bàbá dáhùn kíá.

Ìyàwó ní ó dáa. Bàbá ti gbàgbé pé àárín adìẹ ni wọ́n ti tọ́ obìnrin yẹn dàgbà. Ó kàn fọwọ́ nu ojú, ó ń yin ara ẹ̀ pé òun gbọ́n.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní òun ò ní í jẹ́ kí ti ọjọ́ Ajé tún ṣẹlẹ̀. Ó fi ẹyin sábẹ́ fìlà kó lè móoru, ó sì ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ọrùn ń dùn lọ sẹ́yìnkùlé. Kó tó dé ibẹ̀ ni ìyàwó yọ sí i pẹ̀lú téèpù lọ́rùn.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ṣí fìlà yẹn kí n wọn orí yín. Mo rí aṣọ kan tó máa dáa fún fìlà tuntun."

"Orí mi ò tíì tóbi sí i láti èṣí."

"Orí àgbà máa ń súnkì. Ẹ ṣáà jẹ́ n wọ̀n ọ́n."

"Òtútù ń mú mi lórí ni."

"Nínú oòrùn yìí?" Ó fi téèpù yí fìlà náà ká látòkè, ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n. "Ó mà ga lókè o. Ṣé kí n fàyè sílẹ̀ fún gegele yìí?" Òógùn ń ṣàn lẹ́bàá etí bàbá. Ó ní kó fàyè sílẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ẹyin tó bọ́ sínú ìtẹ́ gbóná ju ọwọ́ lọ, ìyàwó sì kí Màdáámù kú làálàá.

Àmọ́ Ọjọ́rú ló burú. Ìyàwó ló lọ kó ẹyin fúnra ẹ̀, ó mú un wọ ilé ìdáná, ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀, ó wá pe ọkọ ẹ̀ pé kó bá òun fọ́ ọ sínú àwo kí òun din ín. Bàbá kan ẹyin mọ́ etí àwo. Èèpo ya, nǹkan kan ò ṣàn. Ẹyin ti jinná láti inú dé ìta.

"Báwo ni," bàbá bẹ̀rẹ̀, "èyí tí mo r..." Ó gbé ìyókù mì.

"Tí ẹ kí ni?"

"Tí mo rí nínú ìtẹ́ láàárọ̀."

Ìyàwó mi orí bí dókítà. "Ibà ni. Ara adìẹ yín ti gbóná débi pé ó ń se ẹyin sínú. Tó bá jẹ́ ibà lóòótọ́, kò yẹ ká dúró di Àbámẹ́ta mọ́."

"Kò ní ibà."

"Kí ló wá sè é?"

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bàbá mọ̀ pé òun fowó ra ẹyin yẹn ní tútù, kò sì lè sọ ọ́. Ó bó o, ó jẹ ẹ́ láìsí iyọ̀, ó lọ jókòó ti ilé adìẹ, ó ń fọwọ́ wo ara Màdáámù bóyá ó gbóná lóòótọ́.

Ìròyìn ẹyin dé etígbọ̀ọ́ Alápatà lọ́jọ́ Ẹtì. Ó nàgà lórí ògiri, ó wo àwọn adìẹ náà dáadáa. Ẹni tí adìẹ ń gba ọwọ́ ẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ ni.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ogbe orí wọn ò tíì pọ́n tán. Ó yà mí lẹ́nu pé wọ́n ti ń yé ẹyin tó tó ẹ̀ṣẹ́ mi. Mo ti sọ fún àwọn àna mi pé adìẹ mẹ́fà ń bọ̀. Lọ́la, màá wá jókòó síwájú ìtẹ́ yẹn di ọ̀sán. Tí ọ̀kan bá yé lójú mi, mo gbà. Tí kò bá yé, kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi rántí ohun tó sọ."

Bàbá wo ìyàwó ẹ̀ pé kó bá òun kọ̀. Ìyàwó wolẹ̀, ó ní òun ò lè gbé ọ̀rọ̀ òun mì. Ìbànújẹ́ gidi dé bá bàbá wàyí.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Alápatà gbé apẹ̀rẹ̀ ńlá dé, ó yẹ ìtẹ́ wò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó da kòròbà kan dé, ó jókòó lé e. Bàbá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú fìlà lórí, ọrùn ẹ̀ ò yí sọ́tùn-ún, kò yí sósì. Adìẹ ń họlẹ̀ kiri bíi pé ọ̀rọ̀ ò kàn wọ́n.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, ìyàwó yọrí láti inú ilé. "Àbúrò, ṣòkòtò ẹ ti ṣe tán. Wá wọ̀ ọ́ wò kí n mọ ibi tí mo máa gé."

Alápatà ní kó di ìrọ̀lẹ́. Ìyàwó ní tó bá di ìrọ̀lẹ́, òun ò sí nílé. Alápatà bá wọlé lọ. Kó tó fa kọ́tìnì ìsọ̀ dé tán ni bàbá ti ṣí fìlà, ó ti ki ẹyin bọ abẹ́ koríko, ó ti padà jókòó. Ó ní nínú ara ẹ̀ pé Ọlọ́run ló rán ìyàwó òun sí òun, láìmọ̀ ọ́n.

Alápatà padà dé pẹ̀lú ṣòkòtò tí wọ́n fi pín-ìn-nì gún káàkiri. Ìyàwó ní kó má bọ́ ọ, kó jẹ́ kó balẹ̀ lára ẹ̀ ná. Kò lè jókòó mọ́, ńṣe ló yàkàtà. Ó tún wá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wo inú ìtẹ́, ni bàbá bá gbá a lápá mú.

"Wá wo ògiri tó pààlà yìí. Ọ̀dọ̀ mi ló ń fì sí."

"Ògiri wo, ẹ̀gbọ́n? Ọ̀dọ̀ tèmi ló ń fì sí."

Wọ́n bá a dé ìsàlẹ̀ ọgbà, wọ́n ń fojú wọ̀n ọ́n, wọ́n ń jiyàn, àwọn tó mọ ògiri yẹn sì mọ̀ pé ó dúró ṣánṣán. Nígbà tí wọ́n fi máa padà, ìyàwó ló ń nà dìde níwájú ilé adìẹ. Ó ní òun wá bu omi fún wọn. Ó nu ọwọ́ sára ìró, ó dúró tì wọ́n.

Ìgbà yẹn ni Màdáámù dìde. Ó wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹni tí wọ́n ń dí lọ́wọ́, ó wọ inú ìtẹ́, ó fẹsẹ̀ tún koríko ṣe, ó sàba. Bàbá ò retí ìyẹn. Gbogbo ohun tó fẹ́ ni kó wọlé kó jáde, kí òun lè rí nǹkan tọ́ka sí. Adìẹ jókòó pẹ́. Nígbà tó yá, ó bẹ́ jáde, ó sì figbe ta tí àwọn márùn-ún tó kù fi bá a ké e.

Alápatà kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ ìtẹ́. Ó mú ẹyin funfun ńlá kan jáde.

"Ṣé o ti rí i?" bàbá ní. "Gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ máa lọ."

Alápatà tún ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó mú ẹyin ńlá míì jáde. Pupa ni. Bàbá ranjú mọ́ ọn, nítorí kò ra ẹyin pupa rí láyé ẹ̀. Alápatà ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó rọra mú ọ̀kan tó kéré bíi ti ẹyẹlé, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tín-ín-tín fà lára èèpo ẹ̀, ó ṣì rin fún omi ara adìẹ.

"Kí ló ṣe èyí?" bàbá béèrè, ẹ̀rù ń bà á. "Ṣé àìsàn ni?"

"Àìsàn kọ́, ẹ̀gbọ́n. Èyí ni tiẹ̀. Àkọ́yé ẹyin kì í tóbi, ẹ̀jẹ̀ sì lè wà lára ẹ̀." Alápatà gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó wo ojú bàbá, ó wo ojú ìyàwó. "Adìẹ fẹ́ràn kó máa yé síbi tó bá ti rí ẹyin. Àwọn méjì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló fà á jókòó. Mi ò béèrè ẹni tó yé wọn. Ẹ kàn bá mi kí wọn kú ewu." Ó gbé ẹyin kékeré náà lé ìyàwó lọ́wọ́, ó mú apẹ̀rẹ̀ òfìfo ẹ̀, ó sì ń rìn lọ ní yíyàkàtà nítorí pín-ìn-nì.

Bàbá ń wo ẹyin méjì tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí koríko.

"Funfun ni tèmi," ó ní nígbẹ̀yìn.

"Mo mọ̀. Funfun ni gbogbo tiyín látọjọ́ Ajé."

"Pupa yẹn ńkọ́?"

"Tèmi nìyẹn. Ìgbà tí ẹ̀ ń wọn ògiri ni mo yé e."

"Tí o bá ti mọ̀ látọjọ́ Ajé," bàbá ní, "kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Tí mo bá sọ fún yín, ẹ ò ní í yé mọ́."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ ìyàwó ò bá a rín in. Ó ń fi etí ìró nu ẹyin kékeré náà.

"Láti ìgbà tí ẹ ti kúrò nídìí ọkọ̀," ó ní, "mi ò rí yín kí ẹ jí láàárọ̀ kí ẹ máa kánjú báyẹn. Mo máa ń dúró sójú fèrèsé, màá máa wò yín bí ẹ ṣe ń yọ́ lọ. Inú mi ń dùn. Mi ò fẹ́ kó tán."

Bàbá jókòó sórí kòròbà, ó na ọwọ́, ìyàwó sì gbé ẹyin náà fún un.