Ilé Oúnjẹ Tó Fẹ́ Gba Ọkọ Mi

Mo lá àlá kan mọ́jú òní pé ilé oúnjẹ kan fẹ́ gba ọkọ mi lọ́wọ́ mi, eyín ni mo sì fi gbà á padà.

Òkè òrùlé wa ní Iléṣà ni ilé oúnjẹ náà wà. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Èmi àti ọkọ mi, Bàbá Mopé, gun àkàbà débẹ̀. Sálúbàtà ni gbogbo èèyàn wọ̀, àwọn kan tiẹ̀ na ẹsẹ̀ sórí àga. Ibẹ̀ wù mí.

Wọ́n ní oúnjẹ ìgbà kọ̀ọ̀kan nínú ọdún ni àwọn ń tà, ìtọ́wò díẹ̀díẹ̀. Ìwé oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ara rẹ̀ sókè: "Ìrántí òjò àkọ́kọ́ lórí ìtẹ́ wúrà..."

Mo ní, "Àgbàdo ni. Sọ pé àgbàdo."

Ó ní, "Àgbàdo ni, mà."

Àgbàdo dé, hóró kan ṣoṣo nínú àwo tó fẹ̀ bí àtẹ. Bí a ṣe jù ú sẹ́nu, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sórí tábìlì tiwa nìkan. Bàbá Mopé ṣí agbòjò. Ó ní, "Ẹ ṣeun o. Ó dùn."

Agbálùmọ̀ ló tẹ̀ lé e, ìlàjì ẹyọ kan. Ọyẹ́ fẹ́ wọlé, ètè wa sán. Ọkọ mi ní, "Èyí tún dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ."

Ọ̀gá ibẹ̀, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù, wá sọ òfin ilé fún wa. "Ẹni tó bá ní oúnjẹ wa dùn ju ti ilé òun lọ, ọ̀dọ̀ wa ni yóò máa gbé títí láé." Bó ṣe sọ ọ́ tán, ó di òbúkọ, ó ń jẹ ìwé oúnjẹ. Ìwé náà ní kó fi iyọ̀ díẹ̀ sí i.

Ẹ ò mọ ọkọ mi. Kò sí oúnjẹ tí kì í yìn. Ó yin ìrẹsì tó jóná níbi ìsìnkú kan, títí ẹni tó sè é fi sunkún.

Mo ní, "Bàbá Mopé, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ìyá Mopé, ó ku ẹyọ kan. Àwọn èèyàn yìí ti ṣe wàhálà lórí oúnjẹ wa."

Ọbẹ̀ ilá ló kù, ẹ̀kán kan. Àwo ni àwọn yòókù fi gbà á. Ọkọ mi, tó jẹ́ pé ìdí ààrò mi ló ti ń tọ́ ọbẹ̀ wò, tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n kán an sí i. Ó lá díẹ̀. Òbúkọ ti ń rún okùn tó so ilé náà mọ́lẹ̀. Gbogbo àwo ń wo ẹnu rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ká sòótọ́, ọbẹ̀ yìí dùn ju..."

N kò jẹ́ kó parí ẹ̀. Mo fa ọwọ́ náà, mo tì í bọ ẹnu tọbẹ̀tọbẹ̀, mo pa eyín dé.

Igbe ló jí mi. Ilẹ̀ ti mọ́, ọwọ́ ọkọ mi wà lẹ́nu mi.

"Ìyá Mopé! Kí ni mo ṣe?"

Mo ní, "Ẹ ò tíì ṣe é. Ẹ fẹ́ ṣe é ni."

Ọwọ́ ọ̀tún ni. Lọ́sàn-án yìí, ṣíbí ló fi jẹ iyán, lójú gbogbo àwọn àbúrò mi tó wá kí wa.