Orúkọ Ojú Áńpílífáyà

Ní Akówọnjọ ti ayé ṣọ́jà yẹn, kò sí ohun tí a kì í kọ orúkọ sí lára. Bọ́kẹ́ẹ̀tì, àga, ìdí ìkòkò, gbogbo rẹ̀ la máa ń fi ọ̀dà kọ orúkọ sí, nítorí nínú ilé tí yàrá mẹ́wàá ti dojú kọra wọn, ohun tí kò bá lórúkọ, ti gbogbo ayé ni. Èmi alára, Ìyá Adéolú, kọ tèmi sára ọmọ odó. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ kò bá àwọn ayálégbé wa gbé.

Àmúsà ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, áńpílífáyà kan àti họ́ọ̀nù méjì ló fi ń jẹun, tó ń fi wọ́n háyà fún àwọn tó ń ṣe ìsìnkú, ìkómọ àti wàásí. Áńpílífáyà yẹn ni oko rẹ̀, òun ni ìṣọ̀ rẹ̀. Nígbà kan, àwọn kan gbé e lọ síbi ìkómọ, òkú áńpílífáyà ẹlòmíràn ni wọ́n gbé padà fún un. Ó jà fitafita kó tó gba tirẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ki ìṣó bọ iná, tó fi kọ ÀMÚSÀ gàdàgbà sójú rẹ̀ tó jẹ́ ike, lábẹ́ àwọn bọ́tìnì tí wọ́n fi ń yí ohùn sókè. Ìkọ̀wé náà wọ́ bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Mo fi ṣe ẹ̀fẹ̀ títí, ó ní olè tó bá kàwé á rí i kà.

Ohun tó mú un fẹ́ tà á ni oyún Ràbíátù, ìyàwó rẹ̀. Oyún àkọ́kọ́ ni, wọ́n sì ti wá a títí kó tó dé. Ní ọsibítù kékeré kan lápá Ẹ̀gbẹ́dá, dókítà ní ọmọ náà dábùú. Ó ní bí ìrọbí bá ti bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ abẹ ló kù, kí wọ́n sì mú owó dání. Ti ìjọba ńkọ́? Àwọn dókítà ìjọba ti daṣẹ́ sílẹ̀ lákòókò náà.

Àmúsà ru áńpílífáyà lọ Ìkòtún. Gbogbo ẹni tó bá tan án ni ohùn rẹ̀ ń wù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wo ojú rẹ̀, wọ́n á gbé e sílẹ̀.

“Ohùn ẹ̀ dáa o, ṣùgbọ́n orúkọ yìí ńkọ́? Tí mo bá gbé e jáde, wọ́n á ní mo jí ti Àmúsà ni.”

“Èmi ni Àmúsà.”

“Mo gbọ́ jàre. Ṣé wàá máa tẹ̀ lé mi káàkiri láti máa sọ fún wọn ni?”

Bó ṣe rù ú lọ náà ló ṣe rù ú bọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ó jókòó sí kọ́rídọ̀, ó fi sánpépà ha orúkọ rẹ̀ títí ojú ibẹ̀ fi dán, ó wá fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Ràbíátù jókòó tì í, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ọ̀dà náà kó lè tètè gbẹ. Mo ń kọjá lọ, mo ní, “Àmúsà, o wá di aláìlórúkọ.” Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ìrọbí bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Èmi ni mo tẹ̀ lé Ràbíátù lọ ọsibítù. Àmúsà gbé áńpílífáyà, ó forí lé ibùdókọ̀ Pleasure, nítorí ó ti gbọ́ pé olè kó ẹrù ìjọ kan níbẹ̀, wọ́n sì ń wá áńpílífáyà àlòkù tí wọ́n á rà. Ó ní òun ò ní pẹ́. Ẹ gbọ́ ná, àwọn tí olè ṣẹ̀ṣẹ̀ jà, ẹrù tí a fá orúkọ lójú rẹ̀ la gbé lọ bá wọn! Ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, kò rò ó débẹ̀. Èmi náà kò rò ó.

Ràbíátù wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń pe Ọlọ́run. Nọ́ọ̀sì ń wọlé, ó ń jáde, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ: “Ìyá, ọkọ ẹ̀ dà? Dókítà ti ṣetán o, owó là ń retí.” Mo bẹ̀ wọ́n. Mo kúnlẹ̀. Mo ní kí wọ́n dá èmi dúró síbẹ̀ títí owó á fi dé. Wọ́n ní òfin ni. Òfin burúkú wo ló ń jókòó ti aboyún tó ń jẹ̀rora, tí kò ní mira? Nígbà tí oòrùn kan àtàrí tí mi ò rí Àmúsà, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Pleasure.

Ilẹ̀ ọgbà ìjọ náà ni mo ti bá a tó jókòó. Wọ́n ti bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn rẹ̀, wọ́n sì fi okùn so ọwọ́ rẹ̀. Áńpílífáyà wà lórí àga bíi pé òun ni àlejò. Díákónì Olúgbénga, tó ṣe olórí wọn, fi èékánná ha ọ̀dà náà, ó fi hàn mí.

“Ìyá, ẹ wò ó. Ọ̀dà yìí ò tíì gbẹ dénú. Orúkọ ìjọ wa wà lójú tiwa, ibí yìí gan-an ló wà. Ẹni tí kò jalè, kí ló ń fá?”

“Orúkọ òun fúnra ẹ̀ ni!”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Ohun tóun náà sọ nìyẹn. Ta ló ń fá orúkọ ara ẹ̀ kúrò lára ẹrù ara ẹ̀? Rìsíìtì ẹ̀ dà?”

Rìsíìtì! Èyí tí eku ti jẹ kí n tó kó dé ilé yẹn. Mo figbe ta, mo ní ìyàwó rẹ̀ ń kú lọ ní Ẹ̀gbẹ́dá, kí ẹnìkan tẹ̀ lé mi kó lọ fojú ara rẹ̀ rí i. Ọ̀kan nínú wọn ní bóyá èmi náà wà nínú ẹgbẹ́ olè, kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí n lọ. Mo gbá a létí. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀ títí dòní. Àmúsà kò tilẹ̀ wò wọ́n, èmi ló ń bi pé, “Ó ti bí? Ìyá Adéolú, ó ti bí?”

Ẹni tó gbà wá ni Ìyáàfin Susanna, tó máa ń gbá ilé ìjọ wọn. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló dé. Bó ṣe rí Àmúsà báyìí ló káwọ́ lérí: “Ha! Oní-họ́ọ̀nù tó wá síbi òkú ìyá mi kọ́ nìyí? Ẹ̀rọ ẹ̀ nìyẹn, orúkọ ẹ̀ ló wà lójú ẹ̀ lọ́jọ́ náà!” Wọ́n tú okùn. Díákónì ò lè wojú wa. Kò ná ọjà, iye tí Àmúsà pè ló san, ó tún fẹ́ gbàdúrà fún wa. Mo ní kó fi àdúrà yẹn sílẹ̀, kó bá wa wá mọ́tò.

Nígbà tí a dé, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ìgbà tí Ràbíátù dákú ni àánú tó ṣe dókítà, tó wá ní kí òfin dúró ná. Ọkùnrin ni ọmọ náà. Kò ké. Nọ́ọ̀sì ṣí aṣọ lójú rẹ̀, ó jọ Àmúsà bí ẹni pé ó pọ̀ ọ́ jáde. Àmúsà fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní ara rẹ̀ ṣì gbóná. Mo sunkún bí ọmọdé.

Wọ́n gba owó náà ṣá. Wọ́n kà á, wọ́n ní ó pé. Nọ́ọ̀sì wá pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ìyá ọmọ ti jí, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó dànù lára rẹ̀ pọ̀, a kò gbọdọ̀ tíì sọ fún un pé ọmọ náà kò yè. Kò sídìí tó fi yẹ kó kọ́ wa. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa náà nìyẹn, a kì í tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún abiyamọ tí ara rẹ̀ kò tíì balẹ̀.

Ràbíátù rí wa, ó rẹ́rìn-ín. Ètè rẹ̀ ti gbẹ.

“Bọ̀dá mi, ṣé wọ́n rà á?”

“Wọ́n rà á.”

“Alhamudulilai. Ṣé wọn ò yọ yín lẹ́nu?”

“Rárá o. Wọn ò tilẹ̀ ná an.”

Ó dijú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó wá ní wọ́n ti gbé ọmọ lọ kí òun tó jí, ṣé Àmúsà ti rí i?

“Mo ti rí i. Ó jọ mí.”

“Kí ló ń ṣe?”

Àmúsà wojú mi. Mo wolẹ̀.

“Ó ń sùn,” ló wí.

“Ẹ jẹ́ kó sùn,” ni Ràbíátù dáhùn. “Ó ti rẹ òun náà.”