Iṣẹ́ Àṣetiléwá ní Ìlú Àwọn Ẹ̀gà

Ìlú kan wà lórí àwọn ọ̀pẹ tó tẹ̀ sórí odò. Àwa ẹ̀gà ni a ni ín, ìlú náà sì létò. Ọba Adégòkè wà lókè téńté, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i dáadáa. Àwọn ìjòyè tẹ̀ lé e. Àwa mẹ̀kúnnù wà nísàlẹ̀, níbi tí ohun gbogbo tí ọba àti ìjòyè bá jù nù ti ń bà lé wa lórí. A kò ráhùn. Ohun kan ni a fi ń gbéra ga: kò sí ẹyẹ tó mọ ìtẹ́ í hun bí àwa. Ẹyẹlé a kó igi jọ gátagàta, a ní ilé nìyẹn. Àwa a máa ya imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, a ó ta á ní kókó, a ó hun ún títí omi kò fi ní í ráyè wọlé. Bí a bá sì hun ún tán, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, a kì í sì í tètè dákẹ́.

Ilé ẹ̀kọ́ wà ní ìlú náà. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hùyẹ́ a máa kọ́ bí a ti ń di imọ̀ mú. Lẹ́yìn wọn ni kíláàsì agbedeméjì, níbi tí a ti ń kọ́ kókó. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́ ọmọ tó wà ní irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n: wọn kì í ṣe ọmọ ọwọ́ mọ́, wọn kò sì tí ì dàgbà, àgógó wọn ṣì rọ̀, ṣùgbọ́n èsì ẹnu wọn ti gbó. Ní ìparí kíláàsì yìí ni ọjọ́ Ìsokọ́ máa ń dé. Lọ́jọ́ náà, ọmọ yóò so ìtẹ́ tirẹ̀ kọ́ sórí odò lójú gbogbo ìlú. Bàbá rẹ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹ̀ka náà. Ìyá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọ inú ilé náà jókòó. Bí ilé bá gbà á, ọmọ ti nílé nìyẹn. Bí ó bá já, ọmọ kò gbọdọ̀ padà sínú ìtẹ́ òbí rẹ̀ mọ́. Orí ẹ̀ka lásán ni yóò ti gba òjò ọdún náà, lójú àwòdì.

Adùnọlá ni olùkọ́ kíláàsì náà, abo ẹ̀gà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, èyí tó mú kí àwa yòókù máa fura sí i. Nígbà tí Ládépò ọmọ mi wọ kíláàsì rẹ̀, ó pe àwa òbí jọ.

Ó ní, “Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin òbí wa. Ohun tí mò ń fẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ kò pọ̀. Kí wọ́n tètè dé. Kí wọ́n mú imọ̀ tiwọn wá. Bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, kí àwọn tó kù máa gbọ́.”

Ibẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà, pé òótọ́ ló sọ. Ó dúró títí a fi dákẹ́.

“Kókó tí mo bá kọ́ wọn, kí wọ́n lọ ta á wá láti ilé. Ẹ̀yin, ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n rántí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ẹnu kàn án.”

A ní a ti gbọ́. Ṣùgbọ́n àbùkù kan wà lára ìran wa: ẹ̀gà kò lè rí kókó wíwọ́ kó má tún un ta. Bí a bá lọ bá ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kẹ́dùn, tí a rí kókó wíwọ́ lára ilé rẹ̀, a ó tún un ta kí a tó sunkún. Ládépò gbé iṣẹ́ rẹ̀ dé, ó ta kókó kan tó rí bí ìfun adìẹ. Mo jókòó tì í. Mo bi í léèrè. Bí ó ti ń ronú, bẹ́ẹ̀ ni ara ń yún mi láti orí dé ìrù.

Mo ní, “Gbé e wá, kí n kàn fi ọ̀nà rẹ̀ hàn ọ́.”

Nígbà tí n óo fi gbójú sókè, mo ti hun odindi ìtẹ́, ọmọ mi sì ti lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Inú mi dùn. Àṣàbí ìyàwó mi wò mí títí.

Ó ní, “Bàbá Ládépò, kíláàsì wo lẹ wà báyìí?”

Èmi nìkan kọ́. Láràárọ̀, àwa bàbá a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, a ó máa fi ojú ìlara wo iṣẹ́ ọmọ ara wa. Adùnọlá wo gbogbo iṣẹ́ náà, ó dá wọn padà. Ohun tó sọ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ni pé, “Bá mi kí bàbá rẹ, ó gbìyànjú. Tìrẹ dà?”

Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá dé egungun. A gbé e dé ààfin.

Ọ̀tún Akínsọ́lá ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, “Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ tí olùkọ́ yìí ń fún wa ti pọ̀ jù. Kókó tó fún wa kẹ́yìn, mo ta á títí ó fi rẹ̀ mí. Ṣé ó yẹ kí ọmọ mi gba òdo nítorí ohun tí èmi kò mọ̀? Àwọn àgbà ló sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kókó àwọn ọmọ wa wọ́, a tún un ṣe. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ wa?”

A fi ìyẹ́ pàtẹ́wọ́. Èmi náà dìde, mo sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan tí n kò rántí ìkankan nínú rẹ̀ mọ́, àfi pé ó dùn ún gbọ́.

Adùnọlá kúnlẹ̀. Ó ní, “Kábíyèsí, kí ẹ pẹ́. Orí ọmọ ni àgbà ń tún ṣe lọ́jà. Kì í yọ ọ́ lọ́rùn ọmọ kó gbé e ka ọrùn ara rẹ̀. Àwọn bàbá yìí mọ kókó í ta, mo jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ni òjò máa pa. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan ṣoṣo jáde síwájú yín nísinsìnyí, kó ta kókó kan.”

Ààfin pa lọ́lọ́, ohun tí a kò rí rí nílùú wa. Kábíyèsí wo ọmọ tirẹ̀, Adéoyè, tí òun náà wà ní kíláàsì Adùnọlá. Ọmọ náà ń wo ilẹ̀. Ni ọba bá pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, kí olùkọ́ máa gba iṣẹ́ tí ọmọ bá mú wá, kó sì yé béèrè ẹni tó ṣe é.

Adùnọlá ní, “Mo gbọ́, Kábíyèsí. Ọjọ́ Ìsokọ́ ń bọ̀.”

Iṣẹ́ àwọn ọmọ dára lọ́dún náà ju ti ọdún èyíkéyìí lọ.

Nígbà tí ọjọ́ Ìsokọ́ pé, òjò ti ṣú dùdù. Àwọn ọmọ dúró, kálukú lórí ẹ̀ka tirẹ̀, imọ̀ lẹ́nu. Kò sí èyí tó hun nǹkan gidi kan. Gbogbo wọn bojú wẹ̀yìn, wọ́n ń wá bàbá wọn. Ọmọ Ọ̀tún di ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka. Ọmọ ọba so nǹkan kan kọ́ tó la ẹnu sókè ọ̀run, àwọn ìjòyè sì ní irú ilé bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ ọmọ ọba. Ládépò ké sí mi lójú gbogbo ìlú.

“Bàbá, kókó wo ló kàn?”

Ojú tì mí. Ẹ̀rù bà mí ju bí ojú ti tì mí lọ, nítorí àwòdì kan ti ń yí lókè odò. Òfin ò jẹ́ kí n lọ bá a, ṣùgbọ́n kí òfin tilẹ̀ gbà mí láyè, kí ni n óo lọ ṣe? N óo hun ún fún un ni.

Òfin de bàbá, kò de ìyá. Síbẹ̀, ìyá kan kò lọ kí ilé tó parí rí. Àṣàbí fò, ó bà lé ẹ̀gbẹ́ ọmọ rẹ̀.

“Kí lo rántí?”

“Màámi, mi ò rántí nǹkan kan.”

“Ti ọjọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́, kí bàbá ẹ tó gbà á lẹ́nu ẹ?”

Ọmọ náà ronú títí. “A kọ́kọ́ máa ń yí i mọ́ ẹ̀ka.”

“Ó dáa. Yí i mọ́ ọn.”

Ó yí i, ó já. Àṣàbí ti orí bọ abẹ́ ìyẹ́ kó má bàa ràn án lọ́wọ́. Ó tún un yí, ó tún já. Ó wá yí i gba ọ̀nà mìíràn, ó sì dúró. Nígbà tí àwọn ìyá yòókù rí i, wọ́n fò lọ bá àwọn ọmọ tiwọn, gbogbo orí ọ̀pẹ sì kún fún ìbéèrè.

Ìtẹ́ tí Ládépò hun, n kò ní í purọ́, kò dára. Ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ihò sì wà níbi tí kò yẹ. Àṣàbí wọ inú rẹ̀, ó jókòó. Ìtẹ́ náà fì lọ, ó fì bọ̀, ó dúró. Òjò bẹ̀rẹ̀. Mo sunkún lójú àwọn ẹgbẹ́ mi.

Ti ọmọ ọba gba omi òjò títí ó fi kún, ó sì já sódò. Ìyá rẹ̀ tó jókòó sínú rẹ̀ ráyè fò jáde, ṣùgbọ́n orí ẹ̀ka lásán ni ọmọ náà wà ní gbogbo àsìkò òjò ọdún náà, bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ń wò ó láti òkè téńté. Nígbà tí ojú ọjọ́ là, Kábíyèsí ránṣẹ́ pe Adùnọlá, ó bẹ̀ ẹ́, ó sì fagi lé àṣẹ tó pa lórí iṣẹ́ àwọn ọmọ. Adùnọlá kò béèrè oyè. Ó ní òun fẹ́ kíláàsì kan fún àwọn bàbá.

Ẹ̀kọ́ kan ló wà níbẹ̀: kí bàbá jókòó ti ọmọ tó ń ta kókó wíwọ́, kó sì pa ẹnu mọ́ títí ọmọ yóò fi ṣe tán. Ẹnì kan kò tí ì yege nínú wa. Ọ̀tún wà níbẹ̀. Kábíyèsí wà níbẹ̀, lẹ́yìn pátápátá, wọ́n ti lé e síta rí nítorí ariwo. Wọ́n ń fún wa ní iṣẹ́ àṣetiléwá, Ládépò sì máa ń wá jókòó tì mí. Lánàá, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kúkú bá mi ṣe é, kí n lè rí nǹkan mú lọ. Ó mi orí.

Ó ní, “Rárá o, Bàbá. Ẹ fara balẹ̀. Ẹ máa mọ̀ ọ́n tó bá yá.”