Ìdérí Tí Gbogbo Wọn Mọ̀

Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀, Rọra padà sí ilé ìfọṣọ. Akọ̀wé ló ránṣẹ́ pè é pé kó wá fọwọ́ sí ìwé. Rọra ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ nítorí bó ṣe máa ń lọ aṣọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn. Ìdí ẹ̀rọ tó ń fún omi lára aṣọ ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì kú sí nígbà tí ẹ̀rọ fà á lápá wọlé.

Ẹkún kò tíì jáde lójú Rọra. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, á jẹ. Bí wọ́n bá ní kó sùn, á dùbúlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti sú àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin, tó wá dúró tì í.

"Ìyàwó wa, tiẹ̀ sunkún díẹ̀ kí ọkàn wa balẹ̀."

"Màá sun ún tó bá yá, mà," ni Rọra fèsì, bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́.

Àwọn méjèèjì jọ wọ ọ́fíìsì. Akọ̀wé ti bébà kan síwájú rẹ̀. "Ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́sí ni mo tẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ikú ọkọ yín ló máa kà á. Ẹ kọ orúkọ yín síbí."

Akọ̀wé ò mọ̀ pé Rọra lè kà á. Ó ti tó ọdún kan tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní àràárọ̀ Sátidé lọ́dọ̀ bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì. "A" àti "the" ló máa ń dá ọkọ rẹ̀ lágara. "Àwọn wọ̀nyí ò ṣiṣẹ́ kankan o," ló wí lọ́jọ́ kan, "wọ́n kàn ń jókòó síwájú ọ̀rọ̀ bí ọ̀gá ni." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín.

Bàbá tíṣà náà rẹ́rìn-ín. "Bí mo bá ní mo rí ajá kan lọ́nà, ṣé o mọ ajá ọ̀hún?"

"Rárá, sà."

"'A' nìyẹn. Bí mo bá wá ní ajá náà ti lọ ńkọ́?"

"Mo ti mọ èyí tí ẹ ń wí."

"'The' nìyẹn. Ohun tí èmi àti ìwọ ti jọ mọ̀."

Rọra fi ìka lé ìlà kẹta. "Ẹ̀rọ kan, ìdérí kan tó fọ́, lẹ kọ síbí. Bí ẹni pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ẹ̀rọ náà ni. Ìdérí tó fọ́ náà. Oṣù mẹ́ta ló fi wà bẹ́ẹ̀, ọkọ mi sì lọ sọ fún ọ̀gá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. 'The' ló yẹ kó wà níbẹ̀, níbi méjèèjì."

"Ẹ̀yin ìyá, nǹkan kékeré nìyẹn. Kò yàtọ̀."

"Bí ò bá yàtọ̀, ẹ pa á dà."

Àbúrò ọkọ rẹ̀ fà á lápá pé kó kọ orúkọ kí àwọn máa lọ. Rọra fi bírò sílẹ̀, ó kó ọwọ́ lé itan. Ó wá ìbínú nínú ara rẹ̀ bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, kò rí nǹkan kan. Ó ṣáà jókòó. Fáànù ń yí. Nígbà tó pẹ́, akọ̀wé pòṣé, ó sì tẹ ìwé mìíràn. Rọra kà á tán, ó wá kọ orúkọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìgbìmọ̀ jókòó, Rọra àti àbúrò ọkọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Alága ń ka ìwé náà lọ, ó dúró ní ìlà kẹta, ó kọjú sí ọ̀gá ilé ìfọṣọ. "Obìnrin yìí kọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo yín ló mọ ìdérí yìí. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Ọ̀gá dìde dúró. "A mọ̀ ọ́n, sà."

Ọjọ́ náà ni wọ́n ti ìdí ẹ̀rọ pa, tí wọ́n sì ní kí ọ̀gá máa lọ sílé. Àbúrò ọkọ rẹ̀ bú sẹ́kún, ó dì mọ́ ọn. Rọra ń fọwọ́ gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́. Ó ti rò pé bí wọ́n bá sọ òótọ́ náà síta, nǹkan kan á mira nínú òun. Nǹkan kan ò mira.

Wọ́n délé lọ́sàn-án. Ó bọ́ bàtà, ó dùbúlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lára, ó sì sùn títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó jí, ẹkún náà ò tíì jáde, ó sì béèrè bóyá omi ìwẹ̀ wà nílé.